Àmì Ó-Gbà Lójú Ìwé Àgbà

Ẹnu mi mú. Mi ò ní fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu yìí ni kò ní jẹ́ kí n rọ́kọ fẹ́; mo rọ́kọ fẹ́, ọkọ náà ò sì tíì sá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ní Okota, kò sí ọmọ tó kọ kantankantan sínú ìwé tí mi ò sọ ọ́ sí i lójú. "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí? Ṣé oorun lò ń sùn nígbà tó o kọ ọ́ ni?" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un kọ, ọ̀pọ̀ wọn á sì yege. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Àmọ́ ẹnu kan náà ló di odi níwájú obìnrin tó nílò rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, inú sì ń bí mi sí ara mi títí dòní bí mo bá rántí.

Yàrá kan níwájú ilé ni a ti ń ṣe lẹ́sìnnì náà. Onílé fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ kó tó yí ọkàn padà. Bẹ́ńṣì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, bọ́ọ̀dù funfun kan, àti fáànù kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Òṣòdì ni mò ń gbé nígbà yẹn, mo sì máa ń ra bírò pupa ní Bọ́ládé kí n tó wọkọ̀, páálí kan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bírò pupa kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Tuesday kan, ọjọ́ ọjà Aswani, ni obìnrin náà wọlé. Ó so àpò ọjà mọ́ apá, hìjáábù rẹ̀ sì bo aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń nulẹ̀ ní ọsibítù. Gbogbo ọmọ dìde, wọ́n kí i, èmi náà sì kúnlẹ̀. Ó wò yíká.

"Ọmọ mi, tíṣà wọn dà?"

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tín-ín-rín yìí? Háà! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí ìjà ẹ." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wa náà sì rẹ́rìn-ín.

Ó jókòó, ó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń nulẹ̀ ní ọsibítù kan ní Ìsọlọ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti ń bá a jà. Àyè kan ṣí ní ibi tí wọ́n ti ń kọ káàdì fún àwọn aláìsàn, iṣẹ́ ìjókòó, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tó bá yege iṣẹ́ márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá lè bọ́ síbẹ̀. Ó ti ní mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù, Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá rẹ̀ ti bá a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró de èsì ìdánwò GCE tó ń bọ̀. "Bí mi ò bá yege, igi ìnulẹ̀ yìí ni wọ́n máa bá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì," ló wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ó yọ ìwé tuntun kan nínú àpò, ó ti fi ègé ankará aláwọ̀ ewé tó rà ní Aswani bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹyẹ kéékèèké wà lára aṣọ náà. Ó ṣí i, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?"

Ẹ gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, "ọmọ mi" ni mo jẹ́, "ìwọ" ló sì ń pè mí. Bó ṣe ṣí ìwé, mo di "Àǹtí," mo di "ẹ̀yin." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó tún di "ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ó ti ṣe tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mi ò ṣe tèmi.

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé la ń ṣe lọ́sẹ̀ náà, àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń bá ọ̀rọ̀ ìṣe rìn, tó ń sọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀. Ìka ọwọ́ ni mo fi máa ń kọ́ wọn. Mo ní kí ó fún mi ní gbólóhùn kan. Kò rò ó jìnnà: "I mop the floor."

"Ó dáa. Àtàǹpàkò ń béèrè pé, báwo lẹ ṣe nù ún?" Mo kọ "carefully" sí ìparí rẹ̀. "Ìka kejì ń béèrè pé, nígbà wo?" Mo kọ "today." Ìka kẹta ń béèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, obìnrin náà fúnra rẹ̀ pariwo pé "upstairs!" torí pé òkè ni wọ́ọ̀dù tó ń nù wà. "Ìka kẹrin ń béèrè pé, ẹ̀ẹ̀melòó? Ìka yìí ló lágídí jù. 'Always,' 'often,' 'never,' wọn kì í fẹ́ dúró sẹ́yìn, iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n máa ń lọ jókòó sí: 'I always mop the floor.' Ọmọńdinrín ń béèrè pé, ó pọ̀ tó báwo? Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ fún lágbára ló máa ń rọ̀ mọ́: 'very carefully.'"

Ó na ìka rẹ̀ márààrún sókè, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun nítorí ọṣẹ àti oògùn ìnulẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yìí máa yege, mo sì fẹ́ kó yege ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ yòókù lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo bà á jẹ́. Mo ní kí oníkálukú ka gbólóhùn rẹ̀ sókè. Ó dìde, ó ka tirẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú: "I work hardly in the hospital." Ó fẹ́ sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ kára. Ẹnu mi sì yọ kí n tó mọ̀: "Háà, mà! Ohun tí ẹ sọ yìí ni pé ẹ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ rárá!" Àwọn ọmọ fi ẹ̀rín fọ́ yàrá. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó, ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ kẹta.

Mi ò sùn dáadáa. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo pe télọ̀ kan nínú àgbàlá wa ní "ìwọ," mi ò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ ará Ọ̀ṣun, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àgbà, ní kí n kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, kí n gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, títí ó fi rán ṣòkòtò kan tán. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ìró máṣíìnì ìránṣọ, èjìká máa ń ro mí. Ẹ wá wò mí, mo ti fi ìyá ẹni ẹlẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà láàárín àwọn ọmọdé. Mo ní tó bá lè padà wá, kò ní gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu mi mọ́ láé.

Ó padà wá lóòótọ́. Ó ní iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n yàn fún òun. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò bi í. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, nígbà tí mo bá ń máàkì ìwé, tí mo bá dé orí ìwé aláǹkará yẹn, ọwọ́ mi á rọ̀. Gbólóhùn tó wọ́, màá rò ó pé ohun tó fẹ́ sọ ṣáà yé mi, màá fún un ní àmì ó-gbà. Èyí tó wọ́ jù, màá tún un ṣe fúnra mi ní kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ń jalè, màá sì tún fún un ní àmì ó-gbà. "Ẹ ṣe dáadáa, mà." Gbogbo ìgbà ni "ẹ ṣe dáadáa, mà." Ó ń gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Ó ń gba mẹ́tàdínlógún. Ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà wá fún gbogbo kíláàsì nítorí ẹ̀, ó sì sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń nulẹ̀ pé kí wọ́n máa wá ẹni tó máa gba igi ìnulẹ̀ òun. Èmi náà jẹ nínú búrẹ́dì yẹn. Ó mà ṣe o.

Ó lọ ṣe ìdánwò GCE náà. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó tètè wá kí àwọn ọmọ tó dé, ó ní kí n bá òun wò ó lórí fóònù òun. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. F9 ni mo rí. Mo tún un wò bóyá ó máa yí padà. F9.

Kò sunkún. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ó wá yọ ìwé aláǹkará, ó ṣí ojú ìwé kan, ó fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn kan tí àmì mi pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èyí, ṣé ó gbà?"

"Kò gbà, mà."

Ó ṣí òmíràn. "Èyí ńkọ́?"

"Kò gbà, mà."

"Èyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà..."

"Mo ní èyí ńkọ́?"

"Kò gbà, mà."

"Ta ló máàkì wọn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jù mí lọ. Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín lójú àwọn ọmọ."

Inú yàrá la wà, àmọ́ kò pè mí ní Àǹtí. "Ojú wo? Èmi tí mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ, ojú wo ló kù tó fẹ́ tì mí? Ara rẹ lò ń dáàbò bò. Kí wọ́n má baà pè ẹ́ láìlẹ́kọ̀ọ́ lo ṣe jẹ́ kí n lọ ṣubú." Ó pa ìwé dé. "Bí ọmọ wọ̀nyí bá kùnà, o máa ń sọ fún wọn. Ṣé èmi ni o ò fẹ́ kó yege ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kó tó sọ ọ́ tán, mò ń bẹ̀ ẹ́, mò ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ. Mo dá àwọn ọmọ padà sílé lọ́jọ́ náà, mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ní ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́rin ku díẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tuntun, ankará pupa ni ó fi bò ó lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọ̀gá òun ti tún bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, wọ́n máa dúró de ìdánwò kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Ó ní òun lè lọ bá tíṣà míì, àmọ́ ìka márùn-ún yẹn yé òun. "Mo ní ohun kan láti sọ. Nínú yàrá yìí, ìwọ ni kí o máa pè mí. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń pè wọ́n. Ọjọ́ tí o bá pè mí ní ẹ̀yin, mo ti lọ nìyẹn."

"Mà, mi ò lè..."

"Nígbà náà, ó dàbọ̀."

"Mo gbọ́, mà."

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ahọ́n lè wúwo. Ó kan òun láti ka iṣẹ́ rẹ̀. Mo wo bọ́ọ̀dù, mo wo fáànù. "Ìwọ," mo wí. Ohùn mi ò jáde dáadáa. Mo tún un sọ. "Ìwọ, dìde."

Ọmọbìnrin kan ní bẹ́ńṣì iwájú fi ọwọ́ bo ẹnu. "Hẹ̀ẹ̀!" Gbogbo wọn yíjú sí mi bí ẹni pé mo bọ́ra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí." Ó ka gbólóhùn rẹ̀. Ó wọ́. Mo sọ fún un pé ó wọ́, mo sì sọ ìdí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ó yí sí wọn, ó ní, "Ẹ rín in dáadáa o, tiyín ń bọ̀." Nígbà tí ìkan nínú wọn sì ṣi tirẹ̀ ka, òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù mẹ́rin. Nínú yàrá, ìwọ, jókòó, tún un kọ, ìka kẹrin dà? Tí a bá parí, tí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, màá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níta, màá ní "Ẹ má bínú, mà," òun á ní "Dìde, ó ti tó, o fẹ́ fi yanrìn ba aṣọ jẹ́." Àwọn ará àdúgbò á máa wò wá. Ìwé rẹ̀ pupa látòkè délẹ̀. Nígbà kan ó gba mẹ́ta nínú ogún, ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹnu mi fẹ́ tún sọ pé ẹ ṣe dáadáa. Mo bu ètè jẹ. Mo ní, "Mẹ́ta lo gbà. Lọ tún un ṣe." Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà, mo sunkún tèmi níbẹ̀.

Ó ṣe ìdánwò náà. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra òun ló máa wo èsì. Nígbà tí èsì jáde, àwọn ọmọ ń pè mí lórí fóònù, èyí yege, èyí kò yege. Òun ò pè. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún. Mi ò láyà láti pè é.

Ọjọ́ kẹfà, ọmọbìnrin bẹ́ńṣì iwájú, tí ilé wọn kò jìnnà sí ọsibítù náà, mú nǹkan kan wá fún mi. Ó ní Mummy kíláàsì wa ló rán òun. Ìwé aláwọ̀ ewé ni, ìwé àkọ́kọ́, ẹlẹ́yẹ kéékèèké. Mo ṣí i. Ó ti fi bírò pupa máàkì gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àmì ó-gbà èké tí mo fún un, ó ti fa àmì X lé e lórí, ó sì ti kọ èyí tó tọ́ sísàlẹ̀. Lójú mi, ojú ìwé kan kò bọ́. Ní ìparí ìwé náà, ó kọ ọ̀rọ̀ tí èmi máa ń kọ sínú ìwé ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá burú: "See me."

Mo ní ó ti kùnà nìyẹn, ó fẹ́ sọ ọ́ sí mi lójú. Mi ò dúró wọ ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ìsọlọ̀. Mo lọ síbi tí àwọn tó ń nulẹ̀ máa ń kó omi sí, mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan. Obìnrin náà fi igi ìnulẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà kejì. "Wọn ò sí níbí mọ́. Wọ́n ti gbé wọn lọ síbi káàdì."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sáré. Èrò tò síwájú wíńdò náà. Òun nìyẹn lẹ́yìn gíláàsì, ó wọ ìgò ojú, ó ń kọ orúkọ ẹnìkan sórí káàdì, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn méjì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ sáàárín èrò kí n tó ronú.

Ó gbójú sókè. "Ìwọ, dìde."

Èrò yíjú wò wá. Mo dìde. Ó ní kí n mú ìwé wá, ó ṣí i sí ojú ìwé kan tí mi ò rí nígbà tí mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọjú rẹ̀ sí mi. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò máàkì, àmì ó-gbà tèmi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "I come always to work early."

"Èyí ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ," ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì rẹlẹ̀. "Ṣé ó gbà àbí kò gbà?"

Mo wo àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tuntun rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ sì ń gbọ́. Ìyá mi dìde lọ́kàn mi, télọ̀ náà ń rán ṣòkòtò.

"Kò gbà, mà."

"Sọ ọ́ sókè."

"Kò gbà, mà. Ìka kẹrin ni. 'Always' ló yẹ kó ṣáájú 'come.'"

Ó ti bírò pupa kan gba ihò wíńdò wá fún mi. Mo fa àmì X lé àmì mi lórí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe tọ́. Ó fa ìwé náà padà, ó wò ó, ó yíjú sí àwọn méjì lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Tíṣà mi nìyẹn."

Ó wá ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ẹni tó kàn ti dúró pẹ́.